Ìpéré Inú Dúróọ̀ Fìríìjì

Ọjọ́ tí katapílà wọ igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Ayọ̀bọ̀ ni àwọn ìpéré gun fẹ́ǹsì wá bá wọn. Láti ìgbà tí Ṣeunfúnmi àti Olúwagbénga, ọkọ rẹ̀, ti gba ilé sí àdúgbò náà ni igbó ọ̀hún ti wà níbẹ̀, tòun ti gbúre rẹ̀, tòun ti igi ìbẹ́pẹ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ló wá fẹ́ kọ́lé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti hú gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ pupa sì wà níta gbayawu bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò kan rọ̀, ó dá, àwọn ìpéré sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà jẹ́jẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì tí láńlọ́ọ̀dù ò tíì rẹ́.

Wọn kì í ṣe ìgbín tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kékeré ni wọ́n. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ. Ìkarahun wọn ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, ilà pupa rúsúrúsú sì wà lára rẹ̀ bí ẹni tó kọlà.

Ṣeunfúnmi ti mú ìgbálẹ̀. Ó fẹ́ gbá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó wọ inú ilé. Bàbá ọkọ rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ló ní kí ó dúró ná. Ó dúró, nítorí ọ̀rọ̀ ò wọ́pọ̀ lẹ́nu Bàbá.

Bàbá Ọmọ́níyì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Ọmọ́níyì lorúkọ ìdílé wọn. Ọmọ Oǹdó ni, akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì, ilà kan gbọọrọ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn baba rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ sùn nínú Olúwa ni Olúwagbénga lọ mú un wá sí Èkó. Ó tẹ̀lé e wá, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ń yọ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti fọ̀ ọ́ tó gbẹ, inú àpótí náà ló ń dá a padà sí, á sì tì í. Lọ́jọ́ ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á máa lọ sílé.

Ilé tó ń wí yẹn, kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́. Kànga ló wà lẹ́yìnkùlé, orúnkún Bàbá ò sì gbà kí ó máa fa omi. Ó ti ṣubú létí kànga náà rí, àwọn ará ilé kejì ló gbọ́ igbe rẹ̀. Olúwagbénga sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò lè fi agbára dá bàbá òun dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ dá gbé ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni àyà òun á máa já. Ṣeunfúnmi gba ọ̀rọ̀ náà bí iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé òun lọ́wọ́, pé kí Bàbá dúró. Ó gún iyán fún un, ó ra rédíò, ó ní kí Bàbá máa darí àdúrà òwúrọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá ń dúpẹ́ fún. Àpótí ò kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Bàbá dìde lórí àga, ó rọra bẹ̀rẹ̀ tòun ti orúnkún rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì ń ṣa àwọn ìpéré náà lára ògiri sínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Ó béèrè bóyá ohun kan wà nílé tó jinnú díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Fìríìjì kan wà lẹ́yìn kíṣìnì tó ti kú tipẹ́. Ṣeunfúnmi yọ dúróọ̀ tí wọ́n ń kó ẹ̀fọ́ sí nínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún un. Bàbá bu ilẹ̀ dúdú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó da ewé gbígbẹ lé e, ó na àjákù nẹ́ẹ̀tì wíńdò bò ó, ó fi okùn dì í yíká. Bó ṣe ń dì í ló ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé nínú oko kòkó bàbá òun, irú ìpéré yìí ni òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun fi ń ṣeré nígbà òjò, àti pé ìyá àwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè wọ́n, ó ní wọ́n kéré jù fún ìkòkò, wọ́n sì dákẹ́ jù fún ìyà. Láti ìgbà tí Bàbá ti wà lọ́dọ̀ wọn, Ṣeunfúnmi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àdúgbò ò dákẹ́. Fàdìlàt, ìyá Mùíz, tó ń gbé fúláàtì kejì nínú ọgbà kan náà, tó sì ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, máa ń wá wò wọ́n tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Á ní ṣé fún Kérésì ni Bàbá ń sìn wọ́n ni àbí fún Iléyá, kí òun lè mọ ọdún tí ìpín òun wà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà Ṣeunfúnmi tilẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní irú ìpéré wo ni àgbàlagbà ń tọ́jú tí kò fẹ́ jẹ, tí kò fẹ́ tà, kí ó lajú rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó dọ́gbọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá. Bàbá ò bínú. Ó béèrè bóyá obìnrin náà ń sin ológbò. Ṣeunfúnmi ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní kí ó bá òun béèrè ọjọ́ tó máa sè é.

Àwọn ìpéré náà kúkú ní orúkọ. Èyí tó tóbi jù, tó máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ewé tí àwọn yòókù fi ń tẹ̀lé e, Bàbá sọ ọ́ ní Ìyá Ìjọ. Èyí tí ẹnu ìkarahun rẹ̀ ti kán ni Elétí-jíjá. Ọ̀kan wà tí ilà tirẹ̀ ò rí wẹ́wẹ́ bíi ti àwọn tó kù, ilà kan ṣoṣo ló gùn lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa sọ fún òun ibi tí èyí ti wá. Ọmọ Oǹdó lorúkọ rẹ̀.

Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, á ká nẹ́ẹ̀tì, á fi omi wọ́n wọn, á sì máa kì wọ́n pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi máa ń kì í nígbà ayé rẹ̀:

Ìpéré, ọmọ arìn-má-ta-gìrì,
Ọmọ agbélé-rìn bí ẹni gbẹ́rù ọjà.
Onílé ẹ̀yìn tí kì í sanwó ilé,
Láńlọ́ọ̀dù ò lè lé ọ,
Káńsù ò lè fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri rẹ.
Òjò ń bọ̀, o ṣílẹ̀kùn,
Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, o tìlẹ̀kùn, o ń gbàdúrà nínú.
Katapílà wólé wó ọ̀nà, kò rí tìrẹ wó.
Ẹni tó dá ọ ní kékeré ló kọ́lé kékeré fún ọ,
Kò sì gbàgbé rẹ síta.

Ṣeunfúnmi á máa gbọ́ ọ láti kíṣìnì, níbi tó ti ń ro ògì, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ kan Bàbá béèrè oríkì tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Àsàbí ni, pé ìyá ìyá òun ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ló máa ń pe òun bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìyá náà sì ti lọ, òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá kàn mi orí. Ìyàwó ló ń pè é tẹ́lẹ̀, Ìyàwó náà ló sì ń pè é lọ.

Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Ṣeunfúnmi wọ yàrá Bàbá láti gbá a. Aṣọ Bàbá ló rí, wọ́n wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan lé ọ̀kan. Àpótí ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, òfìfo sì ni. Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sọ fún ẹnì kankan àfi ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n pe Bàbá láti Oǹdó. Àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ rí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lójúkojú, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà lókè eèpẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́dọ̀ lọ fi ara òun hàn. Ọkàn tọkọtaya náà ò balẹ̀, torí Olúsànyà, àbúrò Bàbá, wà ní Oǹdó, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kò dáa kí ẹ̀gbọ́n òun máa gbé Èkó bí àlejò. Báàgì kékeré kan ni Bàbá mú. Kí ó tó jáde, ó pe Ṣeunfúnmi sídìí dúróọ̀, ó ṣàlàyé: kí ó máa fi omi wọ́n wọn nírọ̀lẹ́, kí ó máa kó ewé àná kúrò, kí ó máa fi tuntun sí i.

"Kí o fọ ewé wọn dáadáa o, Ìyàwó. Eruku àwọn tó ń kọ́lé yìí ti bo gbogbo ewé àdúgbò."

Ṣeunfúnmi ní òun á fọ̀ ọ́ bí èyí tí òun fúnra òun fẹ́ jẹ.

"Ó dáa. Ọwọ́ rẹ ni mo fi wọ́n sí. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí n má padà wá."

Inú Ṣeunfúnmi dùn débi pé ó tún gbólóhùn yẹn sọ fún Olúwagbénga kí ó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n ń wá ti wà nílẹ̀, ó wà nínú dúróọ̀ fìríìjì.

Ó ṣe bó ṣe ṣèlérí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó já gbúre lẹ́yìn kíṣìnì, ó ṣà á, ó bu omi sí abọ́, ó sì da iyọ̀ sí omi náà. Kò rò ó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló mú ike iyọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mú búrọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe ń fọ ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń fọ̀ ọ́: nígbà òjò, kòkòrò máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ewé, iyọ̀ ló sì ń lé e jáde. Ẹ̀fọ́ tí kò bá gba inú omi iyọ̀ kọjá, nílé tiwọn, wọn ò tíì fọ̀ ọ́. Ó rẹ ẹ́ síbẹ̀ títí tó fi wọṣọ tán, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó sì tò ó sínú dúróọ̀, ewé lé ewé, bí ẹni ń tẹ́ tábìlì fún àlejò. Ó tilẹ̀ fẹ́ kì wọ́n, ṣùgbọ́n kò rántí kọjá onílé ẹ̀yìn.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́ tó ká nẹ́ẹ̀tì, ohun funfun kan tó ń hó bí ọṣẹ ló kọ́kọ́ rí. Ìyá Ìjọ ti jáde tán láti inú ilé rẹ̀, ó na gbọọrọ lórí ewé, kò mira. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọmọ Oǹdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ti wọ inú ìkarahun lọ jìnnà, ohun tó ń hó náà sì dí wọn lẹ́nu.

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti báàgì ilé ìwé léjìká. Ìpéré ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń rí.

Ó ké sí Fàdìlàt. Fàdìlàt wá, ó wò wọ́n, ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ṣeunfúnmi ní gbúre ni. Fàdìlàt béèrè bóyá ẹnì kan fín oògùn ẹ̀fọn sí i. Ṣeunfúnmi ní rárá o, òun fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, òun fi omi iyọ̀, ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ fi gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ṣeun," ni Fàdìlàt wí jẹ́jẹ́, "kí la fi ń bọ́ omi ara ìgbín kúrò tí a bá fẹ́ sè é?"

Ó mọ̀. Obìnrin wo ni kò mọ̀. Àìmọye ìgbà ni òun náà ti da iyọ̀ lé ìgbín lórí fún ọbẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ti ìkòkò nìyẹn, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ti Bàbá, kò sí ọjọ́ kan tí méjèèjì tíì pàdé lọ́kàn rẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù kan wà lábẹ́ etí pánù tó ń gbe omi òjò. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé wọn lọ. Ṣeunfúnmi ń gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra da omi lé wọn lórí, ó ń dà á, ó ń dà á, títí ohun tó ń hó fi dáwọ́ dúró. Fàdìlàt kó ewé oníyọ̀ dànù, ó ha ilẹ̀ inú dúróọ̀ kúrò, ó bu òmíràn wá láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣeunfúnmi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí èèyàn yọ Ọlọ́run lẹ́nu nítorí ìpéré. Ó yọ Ọ́ lẹ́nu. Ó ní Ẹ̀yin lẹ dá wọn, Ẹ mọ èyí tó wà lórí fẹ́ǹsì, Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní kí Ẹ jí òkú, àwọn tó kù ni kí Ẹ bá mi dá sí, kí Bàbá lè rí ẹni bá nílé. Fàdìlàt ṣe àmín, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dájú pé Ìyá Ìjọ ti lọ, Ọmọ Oǹdó ti lọ, àti àwọn kéékèèké kan. Àwọn yòókù ti ilẹ̀kùn. Elétí-jíjá nìkan ló na ìwo kan jáde díẹ̀, ó sì fà á padà.

Òjò ti rọ̀ lówùúrọ̀ yẹn, ìpéré mìíràn sì wà lára fẹ́ǹsì. Fàdìlàt tọ́ka sí wọn. Ó ní, "Ìpéré ò ní káàdì ìdánimọ̀. Kó òmíràn sí i, jàre. Ojú Bàbá ò kúkú mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rín pa Ṣeunfúnmi níbi tí kò ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mú abọ́, ó ń tẹ̀lé ògiri lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí ọ̀kan tí ilà kan ṣoṣo gùn lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé olóòlà kan náà ló kọ ọ́ fún òun àti Ọmọ Oǹdó. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Fóònù dún nínú àpò aṣọ rẹ̀. Bàbá ni.

Ohùn Bàbá dá ṣáká. Ó ní wọ́n ti rí òun, wọ́n ti gbà pé òun wà láàyè. Ó ní Olúsànyà ti bá òun rí obìnrin kan tó máa máa se oúnjẹ, tó máa máa pọn omi, ó ní kí òun kúkú jókòó sílé, òun ò sì tíì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè àwọn ará ilé òun.

Ṣeunfúnmi mọ àwọn tó ń béèrè. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń fà lọ síbi ọrùn ọwọ́. Kò ju kí ó sọ pé wọ́n wà dáadáa lọ. Bàbá á dé, á ká nẹ́ẹ̀tì, á kì wọ́n. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ dé tó fi dúró: ó rí àgbàlagbà náà lórí orúnkún tó ń dùn ún, tó ń pe orúkọ òkú sí àjèjì létí, tí òun sì dúró sí kíṣìnì tí òun ń gbọ́ ọ, láràárọ̀.

"Bàbá, mo ti pa nínú wọn," ló wí. "Ìyá Ìjọ ti kú. Ọmọ Oǹdó náà ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn Bàbá lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó béèrè bó ṣe jẹ́.

"Ẹ ní kí n fọ ewé wọn dáadáa, sà. Omi iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Ta ló ń fi iyọ̀ fọ ewé?"

"Gbogbo wa ni, sà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fọ ẹ̀fọ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó wà ní kọ́ọ̀tù. Ṣé ẹ̀fọ́ tí òun ń jẹ ní Ayọ̀bọ̀, inú iyọ̀ ló ti kọ́kọ́ kọjá? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé ti ìyàwó òun náà, ìyá Gbénga, nígbà tó wà láyé? Ṣeunfúnmi ní òun ò lè búra fún gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n Kérésì tí àwọn wá sílé, òun àti Màmá ni àwọn jọ fọ ẹ̀fọ́ nídìí ààrò, Màmá ló sì ní kí òun fi iyọ̀ kún un.

"Gbogbo ọdún tí mo fi jẹun lọ́wọ́ obìnrin yẹn," ni Bàbá wí, kò sì dà bíi pé Ṣeunfúnmi ló ń bá sọ̀rọ̀, "mi ò wọ kíṣìnì rẹ̀ lọ wo bó ṣe ń ṣe é rí."

Ó béèrè àwọn tó kù. Ṣeunfúnmi dárúkọ wọn fún un. Bàbá ní kí ó máa fi omi òjò wọ́n wọn, kí ó má sì kó àlejò wọlé tọ̀ wọ́n, kí ó jẹ́ kí wọ́n simi. Ó ní ó dàbọ̀. Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun ò wá mọ́.

Ṣeunfúnmi gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sára fẹ́ǹsì. Ó bá ìrìn tirẹ̀ lọ.

Olúwagbénga ò bá a wí nígbà tó gbọ́. Ó ní ohun tí òun náà ì bá ṣe nìyẹn ká ní òun mọ ẹ̀fọ́ fọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe àdúrà òwúrọ̀, àga Bàbá sì wà ní ààyè rẹ̀, wọn ò gbé e kúrò. Ṣeunfúnmi sin Ìyá Ìjọ àti àwọn tó bá a lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi òjò nìkan ló wá ń fi fọ ewé, á na ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sójú oòrùn, á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á fi ìka bọ́ kòkòrò tó bá rí níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ń pẹ́, kò sì sú u. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ihò róbótó nínú ewé kan, Elétí-jíjá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ìwo méjèèjì sókè bí ẹni jẹun yó. Ó kì í. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rántí rẹ̀ dé ìdí ọ̀gbẹlẹ̀.

Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan gba inú gbágungbàgun ọ̀nà wọn wá, ó dúró lẹ́nu géètì. Bàbá ló sọ̀. Báàgì kékeré tó mú lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà á bá a sọ nǹkan mìíràn kalẹ̀: àpótí ìjókòó kan, irú èyí tó kúrú nílẹ̀ tí obìnrin fi ń jókòó dáná. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ìjókòó sì ti jẹ àárín rẹ̀. Ṣeunfúnmi mọ̀ ọ́n. Ti Màmá ni.

Ó kúnlẹ̀, ó kí Bàbá káàbọ̀. Bàbá kí i, ó kí Fàdìlàt tó ti gbé ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọrí sídìí dúróọ̀. Ó ká nẹ́ẹ̀tì. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó dárúkọ Ìyá Ìjọ, ó dárúkọ Ọmọ Oǹdó, ó ní ó dàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kì àwọn tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ìlà kankan.

Fàdìlàt ló béèrè ohun tí gbogbo wọn fẹ́ béèrè. Ó ní ṣé Bàbá wá kó ẹrù ni, àbí Bàbá wá dúró.

Bàbá ní Olúsànyà ń bínú, ṣùgbọ́n ó máa tán nínú rẹ̀. Ó ní òun ti ní kí ó dá obìnrin tó ń pọn omi náà padà fún àwọn èèyàn rẹ̀. "Mo sọ fún un pé ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi lórí fóònù, tí kò fi pamọ́," ni Bàbá wí, "ilé rẹ̀ nilé mi."

Kò dúró gba èsì. Ó gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e kọjá pálọ̀, ó gbé e wọ kíṣìnì, níbi tí kì í dé ju ẹnu ọ̀nà lọ tẹ́lẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi, ó sì rọra jókòó lé e. Orúnkún rẹ̀ ké. Gbúre tí Ṣeunfúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ já wà nínú igbá nílẹ̀.

"Àsàbí," ni Bàbá wí, "bù wọ́n síwájú mi, kí o fi bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ hàn mí."

Ṣeunfúnmi yíjú sí ibi tí abọ́ wà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yíjú padà. Ó bu omi sí abọ́ méjì. Ó da iyọ̀ sí ọ̀kan, ó ní èyí ni tiwa. Kò da nǹkan kan sí ìkejì. Bàbá fa ìkejì náà sọ́dọ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ewé kan, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.